Kí Wọ́n Kọ Peculiar sí Ara Géètì

Èmi, Olútáyọ̀ Ìbídùn Kìtán, ọmọ bíbí ìlú Oǹdó, tí mò ń gbé ní Àkúrẹ́, tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bí a ṣe ń tọ́jú ọmọ tí ogun lé kúrò nílé, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, ìyẹn kò sì ba ìwé yìí jẹ́. Ọlọ́runníyì, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ni kó mú un ṣẹ.

1. Ìpín tèmi nínú ilé bàbá wa ní Oǹdó di ti àbúrò mi, Oríọlá. Oríọlá, o sọ lójú ẹbí pé ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń ṣà kiri bí ẹni ń ṣa igi ìdáná. Ọdún mẹ́fà ni mi ò fi bá ọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí Gbémiga ọkọ mi kú ní oṣù Èrèlé, ìwọ lo wá ń gbá ilẹ̀ ilé mi. Mi ò gbàgbé.

2. Ewúrẹ́ mẹ́ta di ti Ọlọ́runníyì. Èyí tó pupa ń jẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Peculiar, ọmọ tí mo gbà tọ́, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé ìwé ló máa ń jẹ.

3. Ìwé àkọsílẹ̀ mi tó ní èèpo dúdú, tí orúkọ gidi àwọn ọmọ tí mo ṣèwádìí nípa wọn wà nínú rẹ̀: kí wọ́n gbé e fún yunifásítì. Rárá. Mo fagi lé èyí. Kí wọ́n sun ún, bí mo ṣe ṣèlérí fún àwọn ọmọ náà, àfi ojú-ewé kẹrìnlá. Tìrẹ nìyẹn, Peculiar.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́ nígbà tí mo rí ọ ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, láàárín àwọn tó sá wá láti Kamẹrúùnù tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko kòkó. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, a máa ń fi orúkọ mìíràn bo ọmọ, kí aṣebi má baà rí i. Mo kọ ọ́ ní Ìbùkún dípò Peculiar. Mo mú ọ wálé, mo ṣì ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbémiga kò mọ orúkọ mìíràn. Ọjọ́ tí bàbá rẹ kan géètì, o wà nílé ìwé, èmi wà ní Oǹdó. Ó bèèrè Peculiar. Gbémiga ní ẹ má bínú sà, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé yìí. Ó fún un lómi, ó sìn ín dé títì. Nígbà tí Gbémiga sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, tí mo fi sáré dé gáréèjì Àkúrẹ́, ó ti lọ. Ìwọ náà wá a lọ lọ́sẹ̀ kejì, o ò padà. Títí Gbémiga fi kú ló ń pe orúkọ rẹ gidi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni ń kọ́ ìwé kíkà. Ẹ̀bi tèmi ni, kì í ṣe tirẹ̀.

4. Ilé Àkúrẹ́ di ti Peculiar. Kí Ọlọ́runníyì máa gbé ibẹ̀ títí Peculiar yóò fi dé. Kí wọ́n kọ PECULIAR gàdàgbà sí ara géètì. Bí ọkùnrin kan bá tún wá bèèrè rẹ̀, kí wọ́n ní ilé rẹ̀ nìyí, ẹ wọlé. Kí wọ́n sì gba nọ́ńbà rẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i ní Àkúrẹ́, ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá, ọdún 2025.
O. I. Kìtán

Àwọn ẹlẹ́rìí tó wà níbẹ̀:
Àdúràolúwa Babájídé, nọ́ọ̀sì, Àkúrẹ́
Tiwaladé Adépọ̀jù, olùkọ́, Ìjù