Ibi Tí Mo Gé Nínú Ohùn Màámi

Ìlobù, Ọjọ́rú

Mo gbé orin tuntun lọ sí Ìfọ́n lónìí, kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lè gbọ́ ọ kí n tó gbé e jáde. Ohùn Màámi tó ń kì mí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A ò tíì gbọ́ ohùn yẹn láti ìgbà tí a ti sin wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Àkànní, ó mọ́ jù. Màámi ò lè kì ọ́ tán láìdúró bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun."

Màámi béèrè lóòótọ́, ní sítúdíò mi. Èmi ni mo gé e dànù, torí kò bá ìlù mu. Mo sì ti pa èyí tí mo kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ rẹ́.

Mi ò tíì jẹun látàárọ̀.