Ìka Mi Lórí Ẹ̀rọ Ọkàn Bàbá Rẹ

Sí Evanthia, ọmọ mi ọ̀wọ́n ní Átẹ́ńsì,

Mo kí ọ, mo kí ilé tí o ń gbé, mo sì kí àwọn ará òkè ilé rẹ tí wọ́n ń wọ bàtà rìn kiri nígbà tí o bá fẹ́ sùn. Kí Ìyá Olúwa fi ìborí rẹ̀ bò ọ́. Àlàáfíà ni a wà, àfi ti ewúrẹ́ dúdú tí ó jẹ aṣọ tí ìyàwó àlùfáà sá sóòrùn. A ti lọ bẹ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọkàn bàbá rẹ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Kà á dé òpin kí o tó sunkún.

O rántí ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí o fi ránṣẹ́, èyí tí ènìyàn ń fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ̀, tí ìlà tí ó ń ya ìlù ọkàn rẹ̀ yóò sì fò lọ bá ọ nínú fóònù láìsan owó ọkọ̀. Bàbá rẹ ní òun kò ní fi ọkàn òun lé ohun tí kò tó páálí ìṣáná lọ́wọ́, ó sì gba ọgbà àjàrà lọ. Níwọ̀n bí o ti ń retí ìlà, èmi ni mo ń bá a tẹ̀ ẹ́ ní àràárọ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó wa tí àlùfáà dé wa ládé, ó ní a ti di ara kan, adé méjèèjì náà sì wà nínú àpótí gíláàsì lókè ibùsùn wa títí di òní. Èmi ni mo ń gba ààwẹ̀ rẹ̀, èmi ni mo ń tan àbẹ́là rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì; kí ni ó wá kù nínú àtàǹpàkò?

Nígbà tí o fi ẹkún pè pé dókítà ní ìlà náà fẹ̀ jù fún ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, pé kí ó dùbúlẹ̀, kí ó má gbé agbọ̀n, kí ó má sì fẹnu kan ọtí tsípuro, mo gbà pé ọkàn rẹ̀ ni ó gba ọwọ́ mi sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri, ó ní kí n fi ọkọ́ òun fún ẹni tí yóò máa pọ́n ọn. Zisis aládùúgbò wa gbé agbọ̀n ápù wá kí i, ó mí kanlẹ̀, ó sì béèrè jẹ́jẹ́ bóyá òun lè gba Sátidé tí ó kan bàbá rẹ nídìí ìkòkò bàbà tí abúlé fi ń pọn tsípuro. O mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ó ń kan ènìyàn. Bàbá rẹ fa bùláńkẹ́ẹ̀tì borí. Mo mọ̀ nígbà náà pé bí Sátidé yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní dìde mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni Nọ́ọ̀sì Despina tí o bẹ̀ dé, ó sì fi àtàǹpàkò bàbá rẹ fúnra rẹ̀ tẹ ẹ̀rọ náà. Ìlà náà wà níwọ̀n. Ó tún un tẹ̀. Bákan náà ni. Ó ní òun kò tíì rí ọkàn tí oorun lásán wò sàn. Mo wá fi sùúrù ṣàlàyé ọ̀rọ̀ adé fún un. Ó jókòó sórí àpótí aṣọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní tọkọtaya lè pín gbogbo nǹkan, wọn kì í pín ọkàn. Pé láti ìgbà tí ọmọkùnrin bá ti bàlágà ni ọkàn rẹ̀ ti máa ń yára padà sípò lẹ́yìn ìlù kọ̀ọ̀kan, tí ti obìnrin sì ń pẹ́ díẹ̀, àti pé ọjọ́ ogbó ń dín ìyàtọ̀ náà kù. Nítorí náà ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kí ó sì mọ iye ọdún. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Bí a bá jà, bàbá rẹ a ti máa hanrun kí n tó bínú tán.

Kí ó lè mọ bóyá ìlà tèmi dára, ó wá béèrè ọjọ́ orí mi. Evanthia, ọjọ́ ẹni mímọ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ wá ni a ń ṣe àjọ̀dún rẹ̀ nílé wa, a kì í ṣe ti ọjọ́ ìbí, n kò sì mọ ohun tí ẹ̀rọ ń tọpinpin. Mo ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń sọ. Ó ní kí màmá rò ó dáadáa, nítorí bí a bá purọ́ ọdún fún ẹ̀rọ, yóò fi àìsàn síbi tí kò sí. Mo wo adé. Mo wo ilẹ̀.

Bàbá rẹ sọ̀rọ̀ láti abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì: “Kọ méjìdínláàádọ́rin sílẹ̀, Despina. Ó fi ọdún méjì jù mí lọ. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ ìgbéyàwó.”

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́. Ó ní fún obìnrin tí ó pé ọdún yẹn, kò sí ohun tí ó wọ́ nínú ọkàn mi. Bàbá rẹ wọ ṣòkòtò lé aṣọ ìsùn, ó sì jáde lọ sọ fún Zisis pé kí ó wá gbé ápù rẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó igi ìdáná Sátidé ránṣẹ́, nítorí bàbá rẹ ti pe gbogbo abúlé. Kọ orúkọ mi sínú fóònù ní àyè tirẹ̀, kí o kọ ọdún náà sí i, ṣùgbọ́n bí àbúrò bàbá rẹ obìnrin bá wà nítòsí, fi ọwọ́ bò ó.

Kí Ọlọ́run máa ka ìlù ọkàn rẹ, kí ó má sì ṣì í kà. Kí ó fún ọ ní ọkọ tí yóò mọ ọjọ́ orí rẹ, tí yóò sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́ fún ogójì ọdún.

Èmi ni ìyá rẹ,
Garoufalia