Kì í Ṣe Ààwẹ̀ Ló Gbé Ẹ́sírà Ṣánlẹ̀

                                                  Ilé Kejìlá, Òpópónà Ọlọ́sàn,
                                                  Hadera,
                                                  Ísírẹ́lì.
                                                  Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹwàá, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Ìbídùn,

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ó tó yé mi. Ẹ́sírà ṣubú nínú ilé ìdáná wa pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu, ọbẹ̀ ẹja ṣì wà ní ìka rẹ̀, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé irọ́ ni gbogbo wa ti ń pa fún ara wa láti Ọjọ́ Ètùtù. Kì í ṣe ààwẹ̀ ló gbé àbúrò mi ṣánlẹ̀ nínú sínágọ́gù. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í ní oúnjẹ lẹ́nu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ẹ kọ́ mi pé a kì í já lu ọ̀rọ̀ láìkí ẹni. Ẹ kúulé o. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Bàbá Tiwa ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ṣé Tiwa àti Ìtùnú ń lọ sílé ìwé déédéé? Bàbá yín, ọmọ ìyá bàbá wa, ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń jáde lọ ta ayò nírọ̀lẹ́? Ṣé òjò ti ń dá ní Òde Rẹ́mọ? Èmi náà wà, ara mi le, àmọ́ àyà mi ń já láti òwúrọ̀ dalẹ́.

Ẹ ní kí n máa fi Yorùbá kọ lẹ́tà sí yín, kí ẹ lè máa fi gègé pupa tún un ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún èyí ṣe. Mo fẹ́ pè yín, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ohùn yín, ẹkún ni màá sun, mi ò sì ní lè sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ torí pé Ẹ́sírà kì í rí ìwé nílẹ̀ kó má kà á, bẹ́ẹ̀ sì ni "ẹ káàárọ̀" àti "wá jẹun" nìkan ló gbọ́ nínú èdè bàbá wa. Màá ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù yín.

Ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà wo fídíò rẹ̀ nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún yunifásítì kékeré yẹn ní Ohio, ẹ ní ó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Ó mọ̀ ọ́n gbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ga tó àwọn tí Amẹ́ríkà ń wá, nígbà tó sì gboyè jáde, fóònù rẹ̀ kò dún. Ọkùnrin kan láti ibí ló wá pè é. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi í kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù rárá.

"Júù ni màmá ẹ?"

Ẹ́sírà ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí lo wá jókòó sọ́hùn-ún ń ṣe?"

Níbí, ọmọ ilé ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ Júù. Kíá ni wọ́n fún un ní ìwé ọmọ ìlú. Iye àjèjì tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù lè kó jọ ní òdiwọ̀n, nítorí náà lójú méjèèjì ni wọ́n ń wá irú rẹ̀, ẹni tó kọ́ bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà tó tún jẹ́ onílé. Bí Ẹ́sírà wa ṣe di ọmọ onílẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú Hébérù tó ń sọ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ìlú kan létí aṣálẹ̀ ló ti gbá, ní ìpele kejì, òkè ilé tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ló sì ń sùn. Bó bá gba bọ́ọ̀lù, àwọn èrò ọ̀tá á máa pariwo pé, "Ará Amẹ́ríkà, apẹ̀rẹ̀ yẹn ti ga jù fún ẹ, ṣé ká gbé àga wá?" Á jù ú wọlé, á wá na ọwọ́ sí wọn pé àga ọ̀hún dà. Hadera yìí ló ti rí àyè gbilẹ̀. Òun ló fa ẹgbẹ́ wa gòkè wá sí ìpele kìn-ín-ní lọ́dún tó kọjá, nígbà tí mo ti ríṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbí tí mo wá ń bá a gbé. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá wò ó. Gbogbo ohun tó ti ń wá láti kékeré ti dé ẹnu ọ̀nà, àsìkò yìí gan-an ni ara rẹ̀ sì ń dà á.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ọjọ́ Ètùtù. Òkè ni àwa obìnrin máa ń jókòó sí nínú sínágọ́gù, láti ibẹ̀ ni mo ti ń wo Ẹ́sírà nínú aṣọ funfun. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ó ku díẹ̀ kí wọ́n fun ìwo àgbò kí oníkálukú lọ jẹun. Ó kàn wó ni. Kò ké, kò di nǹkan kan mú. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń fi ìwé àdúrà fẹ́ ẹ, wọ́n gbé èso kan tó jọ ápù sí i nímú, èyí tí wọ́n gún kànáfùrù sí lára káàkiri, tí wọ́n máa ń gbé kiri lọ́jọ́ ààwẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè gbé ara ró. Ó lajú. Ni Bàbá Ọbadáyà, onílé wa, tó tún jẹ́ alábòójútó sínágọ́gù, bá pariwo:

"Ẹ wo òmìrán wa! Èmi arúgbó ṣì dúró, òun ló ń wó bí àgọ́!"

Ẹnì kan ní oríire ni, pé ẹni tó bá dákú lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìyè. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín lókè. Ọdọọdún ni ẹnì kan máa ń ṣubú lọ́jọ́ yẹn, kì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Ẹ̀yin àgbà bọ̀, ẹ ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí a ṣe gan-an nìyẹn: ní gbogbo ọjọ́ Àjọ Ìpàgọ́ tó tẹ̀lé e, omi ni gbogbo àdúgbò ń rọ sí Ẹ́sírà lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ń se oúnjẹ Ọjọ́ Ìsinmi kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ́sírà ti ibi ìgbáradì dé, ìdí ìkòkò ló gbà lọ tààrà.

"Ẹ́sírà, fi ìkòkò yẹn sílẹ̀!"

"Ìkòkò ló pè mí, èmi ò pè é."

"Ti alẹ́ ni! Màmá Sulíkà ń bọ̀ wá bá wa jẹ ẹ́."

"Ṣé Màmá Sulíkà ń gbá bọ́ọ̀lù ni?"

Ó jẹ ẹja, ó tún mú òmíràn, ó ń fi búrẹ́dì nu ọbẹ̀, ó sì ń jó láti fi mú mi bínú. Ijó náà ló ń jó lọ́wọ́ tó fi dúró. Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń ṣe. Ó wo ojú mi bí ẹni tó fẹ́ bi mí ní nǹkan, ó sì lọ sílẹ̀ gbì. Mo fi ìka fa búrẹ́dì jáde lẹ́nu rẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò sì rí mi. Mo gbé ọwọ́ lé e láyà: ó ń lù kìkìkì bí ẹyẹ tó há sínú yàrá tó ń wá fèrèsé. Lẹ́yìn náà, kò lù mọ́. Àǹtí mi, kò lù. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Orúkọ bàbá wa ni mo gbọ́ tí mò ń pè, mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó jí, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ta ló mú búrẹ́dì mi?"

"Ẹ́sírà, o dákú."

"Ebi ni."

"Ebi kẹ̀? Ìdajì ìkòkò ló wà nínú ẹ!"

"Ó dáa, àyójù ni."

A gbọ́ bàtà lórí àtẹ̀gùn. Màmá Sulíkà, ìyàwó Bàbá Ọbadáyà, ló ń bọ̀. Mo fẹ́ dìde kí n figbe ta sí wọn, Ẹ́sírà di ọrùn ọwọ́ mi mú. Kò tíì lágbára láti dìde, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn kò ṣe é já gbà.

"Jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún mi kí o tó ṣílẹ̀kùn. O ò ní sọ fún dókítà ẹgbẹ́. O ò ní sọ fún Mọ́mì."

"Ẹ́sírà, jọ̀ọ́..."

"Jẹ́ ẹ."

Màmá Sulíkà ń fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀kùn: "Ẹ̀yin ọmọ Amẹ́ríkà, ṣé ẹ ti sùn ni? Àwo ń jó mi lọ́wọ́!"

Mo jẹ́ ẹ. Orúkọ Ọlọ́run ni mo fi jẹ́ ẹ, torí pé kò gba òmíràn.

Màmá wọlé, wọ́n wo èmi, wọ́n wo òun tó jókòó sílẹ̀. "Kí ló dé? Ẹ jà ni?"

"Ó ní mo jí ẹja," ni Ẹ́sírà fi dá wọn lóhùn.

"Jẹ ẹ́ tán, ọmọ mi! Kí n kú dípò rẹ!"

Bí wọ́n ṣe ń kẹ́ ọmọ níbí nìyẹn, ojoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó ku díẹ̀ kí n fi ọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu.

Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Lójijì ni bàbá wa lọ. Wọ́n ń fọ mọ́tò níwájú ilé wa ní Toledo, lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, omi ṣì ń dà láti ẹnu rọ́bà nígbà tí èmi àti Ẹ́sírà jáde bá wọn nílẹ̀. Lọ́dọ̀ yín, wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Màmá wa ní ọkàn wọn ni. Kò sẹ́ni tó tún sọ ọ́ mọ́. Ẹ bá mi fọgbọ́n bi Bàbá yín léèrè: báwo gan-an ni Bàbá Àgbà ṣe ṣubú lọ́nà oko? Ṣé wọ́n ṣàìsàn kankan ṣáájú? Kì í ṣe pé mò ń fa ohun tí kò dáa wọ ilé yín, Ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà lára Tiwa àti Ìtùnú. Bí ẹ bá ti mọ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ àwọn náà wò. Wọ́n yẹ ọkàn Ẹ́sírà wò kí sáà bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ó dára, ìyẹn ló sì fi ń pa mí lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n kò dákú lójú wọn.

Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìsinmi, mo lọ jókòó ti Bàbá Ọbadáyà lábẹ́ igi ọsàn wọn, mo ṣe bí ẹni tó kàn fẹ́ kọ́gbọ́n.

"Bàbá, bí èèyàn bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí kò yẹ, báwo ló ṣe ń bọ́ nínú ẹ̀?"

"Kò le. Ọkùnrin mẹ́ta á jókòó. Wàá sọ ẹ̀jẹ́ náà, wàá ní o kábàámọ̀ ẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti tú u."

"Ṣé dandan ni kí n sọ ohun tí mo jẹ́jẹ̀ẹ́ lé lórí?"

"Àbí afẹ́fẹ́ la fẹ́ tú?" Wọ́n wò mí dáadáa. "Tó bá jẹ́ pé o ní o ò ní lọ́kọ ni, èmi nìkan á tú ìyẹn, màá tún bá ẹ wá ọkọ."

"Bàbá!"

"Èmi, ẹlẹ́ja, àti onígbàjámọ̀ ni mẹ́ta yẹn. Wá bá wa lọ́jọ́ bọ́ọ̀lù, ká tó jọ lọ wo Ẹ́sírà wa."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń jókòó sẹ́yìn bẹ́ǹṣì ẹgbẹ́ wa tí wọ́n ń bú rẹfirí. Bí mo bá sọ ọ́ létí wọn, kí n tó délé, gbogbo Hadera á ti gbọ́.

Síbẹ̀, nígbà tí Ọjọ́ Ìsinmi parí lánàá, mo sọ fún Ẹ́sírà pé màá ba ẹ̀jẹ́ náà jẹ́. Kò bínú. Àìbínú rẹ̀ ló bà mí lẹ́rù jù.

"Sọ fún wọn. Wọ́n á gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, tó bá sì dọjọ́ kejì, mo ti wà ní Kípírù, ní òdìkejì òkun. Ẹgbẹ́ kan ti ń pè mí níbẹ̀ láti èṣí. Wọn kì í béèrè ọkàn, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń béèrè."

"Wàá kú, Ẹ́sírà."

"Ta ló sì máa wà ní Kípírù láti fa búrẹ́dì jáde lẹ́nu mi? Ìwọ rò ó wò." Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wojú mi. Lẹ́yìn náà ó ní, "Tálíà, ní Toledo, Júù tó dúdú ni mí. Lọ́dọ̀ àwọn ará ilé Dádì, òyìnbó ni mí. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ mi nìkan ni wọ́n ń pe orúkọ mi."

Kì í ṣe ẹ̀jẹ́ ló ń dẹ́rù bà mí mọ́, Àǹtí mi. Òfin wa kò fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́: láti gba ẹ̀mí là, a lè ba Ọjọ́ Ìsinmi pàápàá jẹ́, kí ni ẹ̀jẹ́ inú ilé ìdáná? Kípírù ló ń dẹ́rù bà mí. Mo mọ Ẹ́sírà. Bó bá ní òun á lọ, á lọ. Ní báyìí tí mò ń kọ ìwé yìí, ó wà níbi ìgbáradì. Fóònù dún lẹ́ẹ̀kan, mo ju gègé sílẹ̀, mo sáré gbé e. Ọmọ ilé ìwé mi kan ló ń bi mí nípa iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ẹ bá mi kí Bàbá yín, kí ẹ sì bá mi kúnlẹ̀ fún wọn. Ẹ bá mi kí Bàbá Tiwa àti àwọn ọmọ. Ẹ má tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni, pàápàá màmá wa bí wọ́n bá pè yín.

Bí mo bá sọ fún dókítà, àbúrò mi á bínú lọ síbi tí kò sí ẹni tó máa gbé e dìde. Bí mo bá dákẹ́, ó lè jẹ́ ojú mi báyìí, láàárín ariwo àti àtẹ́wọ́ èrò, ni yóò tún ti lọ sílẹ̀, kó má sì dìde mọ́. Ẹ̀yin lẹ tọ́ àbúrò mẹ́ta dàgbà kí ẹ tó bí tiyín. Ẹ má fi òwe dá mi lóhùn lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi gbangba kí ọjọ́ Àìkú tó dé. Àbúrò yín náà ni. Kí ni kí n ṣe?

                                                  Èmi ni àbúrò yín tí ojú rẹ̀ wà lọ́nà yín,
                                                  Tálíà Àwẹ̀ró.