Àwọ̀ Ìyeyè Náà Ti Ṣá

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àjò o. Ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo ilé ń kí yín. Orúnkún Màmá ti yá. Wọ́n tún ti ń bá alágbàfọ̀ jà bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ rántí ẹ́ńsáìmù, èròjà aláwọ̀ ìyeyè tí mò ń yẹ̀ wò ní láàbù? Bó bá gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ yẹ kó ṣá. Bí ọ́síjìn bá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọ̀ náà á padà. Ẹ̀rọ la fi ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n tiwa kọ̀, kò ṣá.

Ọ̀gá mi ní, "Dà á nù, ó ti bàjẹ́."

Mo ní, "Rárá o, afẹ́fẹ́ ló ń yọ́ wọ inú ìgò, ọ́síjìn sì wà nínú rẹ̀."

Mo pààrọ̀ ìdérí rọ́bà, mo lé afẹ́fẹ́ inú ìgò jáde, mo tún un wọ̀n. Àwọ̀ náà ṣá pátápátá! Mo ṣí ìdérí, ó padà. Ọ̀gá dì mọ́ mi: "Olóríkunkun, o ṣeun!"

Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ gan-an rèé: wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé iṣẹ́ náà níbi ìpàdé kan, ìlú yín gan-an ni! Kí Ọlọ́run jẹ́ ká fojú rínjú láyọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibùsùn méjì ni kí ẹ tẹ́. Èmi nìkan ni wọ́n pè, àmọ́ Màmá ti di ẹrù. Mo ní wọn ò pe Màmá, Màmá ní, "Ṣé ìwọ lo bí ẹ̀gbọ́n rẹ ni?"

Èmi àbúrò yín.