Àga Kejì

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Karùn-ún

Kíláàsì àgbà ti bẹ̀rẹ̀. Ọnà èdè la fi ṣíde. Tíṣà ò ju àbíkẹ́yìn mi lọ, àmọ́ ó mọ̀wé! Àfiwé, àsọrégèé, àdàpè. "Ọmọ mi ń fẹ́wọ́" — àdàpè olè nìyẹn. Ó ní ká mú tiwa wá. Mo ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi lọ sinmi." Tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó. Ọdún mẹ́fà rèé, mi ò tíì pè é ní ikú.

Àga wọn ga o. Ẹsẹ̀ mi ń fì bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Èmi kúkúrú yìí ṣá!

Ọjọ́rú, 6

Ìbéèrè pèsìjẹ: ẹni tó bi í ò retí èsì. "Ta ní í bá yímíyímí du imí?" Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ọjọ́ Ẹtì, 8

Ọnà èdè ti gùn mí. Oníbàárà ní òun fẹ́ẹ̀ hu irùngbọ̀n lẹ́nu àtidúró de aṣọ òun. Mo ké: àsọrégèé! Ó ní kí n rán aṣọ, kí n yé ṣe tíṣà.

Lọ́sàn-án, mo yà sọ́dọ̀ Oníwọ̀n — káfíńtà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá, á kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n kó tó sọ ọ́. Òun náà ò níyàwó mọ́. Ó ń dán tábìlì kan, àga méjì. Mo ní ta ló ni í. Ó ní òun ni. Ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní, "Èmi nìkan kọ́ ló yẹ kó jókòó tì í. Ta ni yóò jókòó lórí èkejì?"

"Ìbéèrè pèsìjẹ!" Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi. Mo rẹ́rìn-ín délé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Oníwọ̀n ò yà sọ́dọ̀ mi látọjọ́ náà. "Ẹ káàárọ̀" — ó parí. Ó dùn mí, kí n má purọ́.

Ọjọ́rú, 13

Mo bi tíṣà: báwo la ṣe ń mọ pèsìjẹ yàtọ̀ sí ìbéèrè gidi? Ó ní, "Ẹ wojú ẹni tó bi í, mà. Tó bá dákẹ́, tó ń wo ẹnu yín, èsì ló ń dúró dè."

Pẹ́ńsùlù yẹn! Ẹni tí kì í yọ ọ́ létí, bó tilẹ̀ ń jẹun. Yéè! Ẹnu mi ti yá ju ọgbọ́n mi lọ.

Ọjọ́bọ̀, 14

Àbúrò mi gbé ẹ̀rín wọlé. Oníwọ̀n ti ń ta tábìlì ọjọ́sí àti àga ẹ̀, obìnrin kan sì lọ rà á. Ó jókòó lórí àga kejì, ló bá fò dìde: "Irú àga kúkúrú wo lèyí?" Ó ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹsẹ̀ ẹ̀, òun ń bọ̀ wá gbé gbogbo ẹ̀ lọ́la.

Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 15

Mi ò tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù tí mo fi dé ọ̀dọ̀ Oníwọ̀n. Àga náà wà lórí pẹpẹ iṣẹ́, ayùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ní kó gbé e sọ̀kalẹ̀. Mo ní ìbéèrè ọjọ́sí, mo mú èsì ẹ̀ wá. Ó yọ pẹ́ńsùlù létí, ó gbé e kalẹ̀.

Mo jókòó.

Ẹsẹ̀ mi kanlẹ̀.