Àga Ọpẹ́yẹmí Tó Kọjú Sẹ́yìn

Òkè Gada,
Ẹdẹ.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1988.

Adéyẹmí Àkànmú, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa Kíkẹ́lọmọ, mo sì kí Ọpẹ́yẹmí, ìyá mi kékeré tí n kò tíì fojú kàn. Ṣé ẹ jí dáadáa, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ yín, ṣé àwọn tó ń gbé òkè yín ti dẹ́kun àtimáa gún iyán lé yín lórí? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ọ̀wọ́n gààrí pa wá lọ́dún yìí kò ní jẹ́ kí ohunkóhun pa yín lọ́dún tó ń bọ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí o, ẹnikẹ́ni kò bá mi kọ ọ́. Kíláàsì àgbà wa ti kúrò ní a, b, d, lẹ́tà kíkọ la wà báyìí, bí o bá sì rí ibi tí yíǹkì ti dà sílẹ̀, ewúrẹ́ ló kọlu tábìlì, ọwọ́ mi kò gbọ̀n.

Gbogbo ará ilé wà láàyè. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, wọ́n sì ní kí n sọ fún ọ pé àwọn kò sí nínú ọ̀rọ̀ àga. Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí àwọn sójà gbé dé, ti wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ wa, ẹja tí a ń rà tẹ́lẹ̀, òórùn rẹ̀ nìkan ni owó wa ń ká báyìí. Epo ọkọ̀ náà gbówó lórí. Ìyàndá onítakisí tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, bó bá ti dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀, á sì ní kí àwọn èrò má ṣe mí púpọ̀ kí wọ́n má baà dá ọkọ̀ dúró.

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. O ní ẹ ó wá ṣe ìdúpẹ́ Ọpẹ́yẹmí nílé ní Kérésìmesì, Màmá Ìbàdàn tó bí ìyàwó rẹ á bá yín wá, á sì bá yín padà dé Èkó, bí ẹ bá sì ń padà lọ ẹ ó mú mi dání lọ sí Èkó kí n lọ máa tọ́jú ọmọ, nítorí ìsinmi tí wọ́n fún ìyàwó rẹ níbi iṣẹ́ ti fẹ́ẹ́ tán. Mo ka ibẹ̀ ní àkàtúnkà nítorí adùn rẹ̀. Àfi bí mo ṣe ṣí ojú ìwé kejì tí mo kà á pé ẹ kò ní kúrò ní Èkó àfi bí ẹ bá rí àga kan tí ọmọ á jókòó sí nínú ọkọ̀. O ní ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló fẹ́ fi ránṣẹ́, oríṣi méjì ló rí, ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan rí tín-ín-rín, kò sì mọ̀ bóyá òun á tètè rí tín-ín-rín náà rà. O ní ọkọ̀ Dátísùn rẹ ti dàgbà, inú rẹ̀ kò sì fẹ̀, bí ẹ bá gbé àga tó fẹ̀ sí i, ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀yìn ọkọ̀ á tún gbà. O wá béèrè lọ́wọ́ mi pé nínú èmi àti Màmá Ìbàdàn, ta ni kó lọ wọ ọkọ̀ èrò.

Kí n má purọ́ fún ọ, inú bí mi. Mo bi bàbá rẹ pé kí ló ṣe itan mi. Itan yìí ni ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ jókòó lé láti Ẹdẹ dé Ìlọrin, kò sí èyí tó já bọ́ nínú yín. Bàbá rẹ dáhùn pé ní tàwọn o, àwọn kò rí ohunkóhun tó ṣe é. Mo wá wo àwòrán tí o fi sínú lẹ́tà. Ọmọ òyìnbó kan ló jókòó sínú àga náà, wọ́n fi okùn kọ́ ọ léjìká méjèèjì, wọ́n tún fà á gba àárín itan rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo gbé e lọ sí kíláàsì. Àwáwù tó ń jókòó tì mí wò ó títí, ó ní ọmọ yìí ti ní láti jí nǹkan. Mo ní ọmọ tí kò tíì léyín, kí ló fẹ́ jí. Ó ní ẹnikẹ́ni kò lè mọ tòyìnbó.

Bùkọ́lá, ọmọge tó ń kọ́ wa, ló là wá lóye. Ó ní ìgbànú ni okùn yẹn, ààbò ni, kì í ṣe ìyà. Ó ní bí ọmọ bá ṣì kéré, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni àga náà máa ń kọjú sí, nítorí ọrùn ọmọ kò tíì gbó, bó bá wá dàgbà, wọ́n á yí àga kan náà síwájú, á sì tún lò ó fún ọdún díẹ̀ sí i. Mo ní ó dáa, èyí kì í ṣe ìnákúnàá, nǹkan tó bá ṣeé lò lọ́nà méjì ló yẹ ká rà nírú àkókò yìí.

Ohun tó wá dà mí láàmú ni ti kíkọjú sẹ́yìn. Ọmọ tí kò wọ ilé bàbá rẹ̀ rí, kó wá fi ìpàkọ́ wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní ṣebí àga tó ń yí ni, bí ẹ bá ti dé Ṣẹ́kọ́nà kí ẹ dúró, kí ẹ yí i kó kọjú sí Ẹdẹ. Bùkọ́lá ní wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ dàgbà ná. Mo lọ rò ó, mo sì ti rí ọ̀nà rẹ̀. Bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà agboolé, yí ọkọ̀ padà, kí o fi ìdí ọkọ̀ wọlé. Ojú ọmọ á wá kọ sí ilé bó ṣe yẹ. A ti gbé ọgbà ewúrẹ́ kúrò lójú ọ̀nà nítorí rẹ̀, mo sì ti sọ fún àwọn ẹbí pé ìdí ọkọ̀ ni ká lọ pàdé, kí ẹnikẹ́ni má lọ dúró síwájú kó máa kí ẹ́ńjìnnì. Èyí nìkan ni bàbá rẹ dá sí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní ó bójú mu.

Mo tilẹ̀ rí ire nínú rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń yọjú wo ẹ̀yìn láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, àbúrò ló ń pè. Èyí tó wá ń wo ẹ̀yìn láti Èkó dé Ẹdẹ ńkọ́. Sọ fún Kíkẹ́lọmọ kó má jẹ́ kó bá òun lójijì.

Síbẹ̀ n kò tíì gbà pé àga lè ju itan mi lọ. Mo fẹ́ fi hàn yín. Ìyàndá ń lọ sí Alájùé, takisí rẹ̀ àti ọkọ̀ rẹ sì jẹ́ ọmọ ìyá, Dátísùn kan náà, ọjọ́ orí kan náà. Mo bá a lọ, mo sì ra elégédé ńlá kan níbẹ̀ tó wúwo tó ọmọ tó ti ń jókòó. Nígbà tí à ń bọ̀, mo jókòó sẹ́yìn, mo fi ìborùn wé elégédé náà, mo gbé e lé itan, mo sì dì í mú gan-an bí mo ṣe máa di Ọpẹ́yẹmí mú. Ìyàndá ní Ìyá, ṣé ẹ ti ṣetán. Mo ní kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀. A dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó pa ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ni ewúrẹ́ kan bọ́ sójú títì, ó sì tẹ búrékì.

Adéyẹmí, elégédé kúrò lọ́wọ́ mi bí ẹni pé n kò lọ́wọ́. Ó gba òkè èjìká Ìyàndá kọjá, ó fọ́ mọ́ iwájú ọkọ̀, inú rẹ̀ sì dà sórí rédíò. Ewúrẹ́ bá tirẹ̀ lọ. Ìyàndá nu ojú rẹ̀, ó ní Ìyá, ṣebí ẹ ní ẹ dì í mú. Mo ní mo dì í mú. Ó ní òun gbà. A délé. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà, mo ń wo ọwọ́ mi. Ọkọ̀ kò sáré, n kò sùn, ọkàn mi kò sì sí níbòmíràn. Mo dì í mú. Láti ọjọ́ náà n kò dárúkọ itan fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo ní kí Ìyàndá gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sí ojúde. A wá àpótí méjì, ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan tín-ín-rín, ká lè mọ èyí tó máa gbà wá. Mo pe Àwáwù kó wá dúró fún Màmá Ìbàdàn. N kò fi ṣe àbùkù o, mo rí Màmá Ìbàdàn níbi ìgbéyàwó yín, kò sì sí ẹlòmíràn ní Òkè Gada tí ara rẹ̀ súnmọ́ tiwọn. Nígbà tí a gbé àpótí tó fẹ̀ sí i, Àwáwù wọlé, èmi dúró síta. Nígbà tí a gbé tín-ín-rín sí i, àwa méjèèjì wọlé, Ìyàndá fi orúnkún ti ilẹ̀kùn, ó sì pa dé. Àwáwù ní ká máa gba èémí ní gbàmí-n-gbà-ọ́.

Mo fi ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́ wọn àpótí tín-ín-rín náà, mo ta kókó sí ibi tó dé, mo sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Kí wọ́n fi wọn àga ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n wọn ibi tó fẹ̀ jù lára rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ọmọ ń fi ìdí lé nìkan, nítorí apá àga ló ń jẹ àyè. Ìyàndá ní bí àga bá kọjú sẹ́yìn, á máa ti ìjókòó iwájú, kí ìwọ náà wọn gígùn ibẹ̀ kí orúnkún ìyàwó rẹ má baà di ohun tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Ó tún ní ọkọ̀ ayé ọjọ́un kì í ní ìgbànú lẹ́yìn, tirẹ̀ kò ní. Mo ní ká fi ọ̀já dè é, Bùkọ́lá sì kọ̀. Nítorí náà, kí mẹkáníìkì rẹ de ìgbànú mọ́ irin ọkọ̀ fúnra rẹ̀, kó má dè é mọ́ tìmùtìmù.

Bí wọ́n bá rí tín-ín-rín, ẹ mú tín-ín-rín. Bí kò bá sí, ẹ mú èyí tó fẹ̀, kí ẹ sì máa bọ̀ nílé. Àga ni kó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, lẹ́yìn náà ni ká tó máa sọ̀rọ̀ èèyàn. Bí ọmọ bá ń ké lọ́nà tí ẹnikẹ́ni sì nawọ́ pé kí ẹ gbé e fún òun, ẹ má dá a lóhùn, bó bá jẹ́ èmi gan-an, ẹ má wo ojú mi.

Ní ti ìbéèrè rẹ, Màmá Ìbàdàn ni kó wọ ọkọ̀ rẹ. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n, àlejò wa sì ni wọ́n. Ìyàndá ti gbà láti fi takisí rẹ̀ gbé mi tẹ̀lé yín dé Èkó, nítorí náà jọ̀wọ́ fi owó epo ránṣẹ́ sí i, àlọ àti àbọ̀, kí o sì fi díẹ̀ lé e fún rédíò rẹ̀. Kí o máa rọra wa ọkọ̀ kó lè máa bá yín. Mo ti rò ó dáadáa. Ẹni tó bá jókòó ti ọmọ, etí rẹ̀ lásán ni ọmọ á máa rí. Èmi á jókòó síwájú nínú ọkọ̀ Ìyàndá, ojú ọmọ á kọ sí mi láti ẹ̀yìn ọkọ̀ yín, ojú mi á kọ sí i, láti Ẹdẹ títí dé Èkó, kí a tó délé á ti mọ ìyá bàbá rẹ̀. Láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni mo ti ń gbàdúrà pé kí wọ́n rí àga tín-ín-rín. Nígbà tí mo ro èyí tán, mo dẹ ọwọ́ àdúrà náà díẹ̀. Má kà á sí Màmá Ìbàdàn létí.

Ọ̀nà á gbà yín, á sì dá yín padà fún wa láìfi ara pa. Ọpẹ́yẹmí á dàgbà débi tí wọ́n á yí àga rẹ̀ síwájú, á tún dàgbà débi tí kò ní nílò rẹ̀ mọ́, ojú wa ni yóò sì ṣe.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìyá Adéyẹmí.