Pákó Màmá Àgbà Tó Wà Lára Ògiri Ibi Iṣẹ́ Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu sì ti lọ. Ara tèmi le. Inú mi ni kò dùn, ìwọ lo sì bà á jẹ́.

Ìwé tí o kọ nípa erékùṣù wa dé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo gbé àga ti Màmá àgbà lẹ́yìn ilé, mo ń kà á sí wọn létí, torí ojú wọn kò ríran mọ́. Mo ń yangàn pé ọmọ mi ló kọ ọ́, àfi bí mo ṣe dé ibi tí o ti ní bàbá ọ̀gá rẹ, tó kọ́ ilé ìtura tí o ti ń ṣiṣẹ́, ló kọ́kọ́ fi pákó gun ìgbì òkun níbí, tó sì kọ́ àwa tó kù. Mo pa ìwé náà dé. Màmá àgbà ní, "Kí ló dé? Kà á lọ." Mo purọ́ pé ewé ibẹ̀ ti ya.

Ṣé etí rẹ di ni, ní gbogbo ọdún tí o fi ń sùn lẹ́sẹ̀ Màmá àgbà? Kí ọkùnrin yẹn tó mọ̀nà ibí, bí òkun bá ń ru, ọkọ̀ apẹja kì í lè gúnlẹ̀ àfi kí ẹnìkan gbé okùn láti inú ọkọ̀ wá sétí omi, kí àwọn tó wà lórí iyanrìn lè fà á. Màmá àgbà ló ń gbé e. Wọ́n á so okùn mọ́ ìbàdí, wọ́n á dùbúlẹ̀ lórí pákó tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó fọ́, ìgbì á sì gbé wọn dé èbúté. Nígbà tó yá, wọ́n ń dìde dúró lórí rẹ̀. Àwọn apẹja sọ wọ́n ní Agẹṣin-lókun. Bàbá rẹ àgbà, tí òun náà jẹ́ apẹja, máa ń ní ẹja kan ṣoṣo tó fa òun wá sílé nìyẹn.

Wo fọ́tò tí o fi sínú ìwé náà. Àpá iná róbótó tó wà létí pákó tí ọkùnrin náà dì mú, èmi ni mo gbé ìkòkò gbígbóná lé e nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Èmi náà ni mo yá a ní pákó ọ̀hún. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó fún mi ní bisikíìtì, kò sì dá a padà. Ara ògiri ibi iṣẹ́ rẹ ló wà dòní, abẹ́ rẹ̀ lò ń gbà wọlé láràárọ̀. Inú ń bí mi sí ara mi náà, ṣùgbọ́n ọmọdé lèmi nígbà yẹn. Ìwọ kàwé.

O ní oṣù tó ń bọ̀ ni wọn yóò tún un tẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Tún un kọ kó tó dìgbà náà. Mo mọ̀ pé ọ̀gá rẹ lè lé ọ. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá bọ́, a ó wá òmíràn. Ìyá tó bí ìyá rẹ, ẹyọ kan ni.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ, kó má sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ kọ ohun tí ojú yóò tì ọ́ láti kà sókè.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ń bínú sí ọ, tó ń gbàdúrà fún ọ.

Àfikún: Màmá àgbà ti fi ọwọ́ wá ìwé náà láti ewé dé ewé. Wọ́n ní, "Kò síbi tó ya." Mo bá kà á fún wọn, mo sì sọ ibi tí pákó wọn wà dòní. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá béèrè bóyá o máa ń bá àwọn fi òróró pa pákó náà, kó má baà là. Kí ni kí n sọ fún wọn?